Dóòmù Hagia Sophia: eegun kan tí mo dà sí 40 kò bá scan mu, kí ni kí n ṣe?

Àbẹ̀ní_Ayàwòrán

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbéèrè mi gùn díẹ̀, ẹ fara dà á fún mi.

Mo ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìtọ́jú ilé àtijọ́ ní ìlú ọba níbí. Iṣẹ́ tí olùkọ́ wa gbé fún wa ní sáà yìí ni pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú dóòmù àtijọ́ kan (òrùlé tó tẹ̀ bí ààbọ̀ bọ́ọ̀lù), kó kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà lọ́nà parametric. Ìyẹn ni pé a ò kàn ní ya àwòrán rẹ̀, a máa kọ òfin tó bí i, tó fi jẹ́ pé bí a bá yí nọ́ńbà kan padà, gbogbo rẹ̀ á tún ara rẹ̀ tò. Èmi mú ti Hagia Sophia, ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tó ti di mọ́ṣáláṣí ní Istanbul. Wọ́n fún wa ní scan léésà rẹ̀ tí a lè fi kẹ́kọ̀ọ́, ìyẹn àìmọye àmì tí ẹ̀rọ léésà wọ̀n lára ilé náà.

Bí mo ṣe ṣe é rèé. Mo kà á pé ìbú dóòmù náà tó nǹkan bíi mítà 31, pé ibi gíga rẹ̀ jù fi nǹkan bíi mítà 55 jìnnà sílẹ̀, pé eegun 40 (ìyẹn àwọn ìlà títẹ̀ tó yọ lára rẹ̀ láti ẹsẹ̀ dé òkè) ló gbé e ró, fèrèsé 40 sì wà láàárín àwọn eegun náà nísàlẹ̀. Mo wọ inú Grasshopper, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń kọ irú òfin bẹ́ẹ̀, mo fa òbíríkítí kan, mo tẹ eegun kan láti etí rẹ̀ dé òkè, mo wá ní kó yí i ká nígbà 40. Ó rẹwà débi pé mo fi ṣe àwòrán ojú fóònù mi.

Ìgbà tí mo gbé e lé orí scan ni ọ̀rọ̀ di bó-ò-lọ-o-yà-mí. Ní apá kan, eegun mi wọ inú ògiri. Ní apá kejì, ó yọ síta bí ìbú àtẹ́lẹwọ́. Bí mo bá tún ti gúúsù ṣe, ti ìwọ̀-oòrùn á bàjẹ́. Mo fi kún ìbú, mo dín in kù, mo gbé àárín òbíríkítí sókè sódò, pàbó ni.

Ọmọ kíláàsì mi kan ní kí n na scan náà díẹ̀ kó lè bá mọ́dẹ́ẹ̀lì mu. Ọkàn mi ò gbà á. Ìbéèrè mi ni pé: èwo ni kí n tẹ̀ lé, òfin ni àbí scan? Tó bá jẹ́ scan ni, kí la wá ń kọ òfin sí?

Kúnlé_8GB

Má na scan o! Tó o bá nà án, kí lo wọ̀n?

Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ wò ó bóyá scan gan-an ló wọ́. Ẹ̀rọ náà kì í dúró síbì kan ṣoṣo. Wọ́n á gbé e síbí, wọ́n á gbé e sọ́hùn-ún, wọ́n á wá so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Tí ìsopọ̀ yẹn kò bá mọ́, ògiri kan ṣoṣo á farahàn ní méjì. Gé ibi tí ògiri tẹ́jú, kó o sun mọ́ ọn. Tó o bá rí ìlà méjì níbi tó yẹ kí ìlà kan wà, padà sọ́dọ̀ olùkọ́ yín.

Tí kọ̀ǹpútà rẹ bá sì ń dákú bíi tèmi, dín àwọn àmì inú scan náà kù. Àmì kan ní sẹ̀ǹtímítà méjì-méjì tó fún dóòmù tó tóbi báyẹn. CloudCompare, ètò kọ̀ǹpútà fún scan, máa ṣe é fún ọ, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ẹ̀gbọ́n_Oníléésà

Àbẹ̀ní, àbúrò mi, o kú iṣẹ́. Kúnlé ti sọ ibi tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ wò. Wò ó, ṣùgbọ́n mo fura pé scan rẹ kò jẹ̀bi. Iṣẹ́ tí mò ń jẹ nìyí, ilé àtijọ́ ni mo ń gbé léésà lọ bá, mo sì ti rí irú àríyànjiyàn yìí láàárín òfin àti scan níbi púpọ̀. Ti Hagia Sophia le ju ti àwọn yòókù lọ nítorí ìtàn rẹ̀.

Òfin tó o kọ ń sọ pé ọwọ́ kan náà ló kọ́ gbogbo eegun ogójì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 532 ni Ọba Justinian bẹ̀rẹ̀ ilé yẹn, wọ́n sì ṣí i ní 537, ọdún márùn-ún péré. Anthemius ará Tralles àti Isidore ará Miletus ló darí iṣẹ́ náà, onímọ̀ ìṣirò ni àwọn méjèèjì. Dóòmù tí wọ́n kọ́ kò sí mọ́. Ilẹ̀ mì ní 557, dóòmù wó ní 558. Isidore kékeré, ọmọ ẹbí Isidore àkọ́kọ́, ló tún un kọ́, ó gbé e ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó parí ní 562. Ní 989 ilẹ̀ tún mì, apá ìwọ̀-oòrùn já wálẹ̀. Trdat, mọlémọlé ará Àméníà, ló tún un ṣe, wọ́n sì tún ilé náà ṣí ní 994. Ó wá di 1346, apá ìlà-oòrùn náà já.

Nítorí náà, ìran mẹ́ta ló kọ́ dóòmù tí ò ń wò yẹn. Ìhà àríwá àti gúúsù jẹ́ ti 562, ìwọ̀-oòrùn jẹ́ ti Trdat, ìlà-oòrùn jẹ́ ti ọ̀rúndún kẹrìnlá. Ìwọ wá mú ìwọ̀n ẹnì kan, o fi gé aṣọ fún gbogbo agboolé.

Ìdí kejì wà nísàlẹ̀. Arch ńlá mẹ́rin (ògiri tó tẹ̀ bí òṣùmàrè) ni dóòmù náà jókòó lé, òpó ràbàtà mẹ́rin ló sì gbé àwọn arch náà. Ní ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn, ààbọ̀ dóòmù kan wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó ń fi èjìká tì í. Ní àríwá àti gúúsù, kò sí irú rẹ̀. Ibi tí kò ti sí alátìlẹ́yìn yẹn ni ẹrù orí ń ti àwọn òpó sí, wọ́n sì ti fì síta láti ìgbà tí iṣẹ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́. Agathias, akọ̀wé ìtàn tó wà láyé nígbà àtúnkọ́ náà, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ńṣe ni wọ́n fẹ arch àríwá àti ti gúúsù sí ìhà inú, kí ojú tí dóòmù tuntun máa jókòó lé lè súnmọ́ igun mẹ́rin ọgbọọgba. Ẹ̀rí nìyẹn pé kí bíríkì àkọ́kọ́ dóòmù kejì tó dé orí ògiri, ojú ìjókòó rẹ̀ ti wọ́. Òbíríkítí kan ṣoṣo ò lè mú un.

Mo rí i pé ìbéèrè rẹ fẹ́ kí n yan ọ̀kan. Mi ò ní yàn. Scan ń sọ ohun tó wà. Òfin ń sọ ohun tí ẹni tó kọ́ ọ ní lọ́kàn, tàbí ohun tí àwa rò pé ó ní lọ́kàn. Àlàfo àárín wọn ni iṣẹ́ wa wà: ibẹ̀ lo ti máa rí òpó tó fì, àtúnṣe tí kò bá ti àtijọ́ dọ́gba, ibi tí ògiri ń wú. Bó o bá na scan, o ti fọwọ́ ara rẹ nù ún kúrò. Bó o bá sì ju òfin nù, àmì mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù ló kù sí ọ lọ́wọ́, kò sì sí èyí tó máa sọ fún ọ pé òun kúrò láàyè òun, nítorí kò sẹ́ni tó sọ ibi tó yẹ kó wà.

Bí èmi ṣe máa ń ṣe é: gé scan náà ní ìbú, ní ìdajì mítà kọ̀ọ̀kan, láti òkè fèrèsé títí lọ sókè pátápátá. Fún gígé kọ̀ọ̀kan, wá òbíríkítí tó bá a mu jù, kó o kọ àárín rẹ̀ àti ìbú rẹ̀ sílẹ̀. Tí àárín bá ń rìn bó o ṣe ń gòkè, dóòmù náà ti fì nìyẹn, o sì ti mọ ìhà tó fì sí. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kó o tó gé e ní òró, eegun kan tẹ̀ lé èkejì. Fún eegun kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, 1 dé 40, kó o kọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà, bí títẹ̀ rẹ̀ ṣe rí, ibi tí àárín títẹ̀ náà wà, àti ọ̀rúndún tí wọ́n kọ́ ọ. Òfin rẹ á ṣì jẹ́ ẹyọ kan. Oúnjẹ tó ń jẹ ló máa di ogójì ìlà.

Mo tún fẹ́ kó o ṣọ́ ìsàlẹ̀ dáadáa. Nínú dóòmù tó jẹ́ ààbọ̀ bọ́ọ̀lù, tí kò gbé ju ẹrù ara rẹ̀ lọ, apá òkè ń fún ara rẹ̀ yí ká. Tó o bá ti sọ̀ kalẹ̀ kọjá nǹkan bíi dígíríì 52 láti orí, yíyíká náà kò fún ara rẹ̀ mọ́, ó ń fa ara rẹ̀ ya. Bíríkì lè ru ẹrù, ṣùgbọ́n kò lè fà. Ibẹ̀ ni dóòmù ti ń là. Wo ibi tí wọ́n fi fèrèsé 40 sí: wọ́n ti fi ọwọ́ ara wọn ya ibi tí ì bá là. Nígbà tí àwọn Fossati, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò láti Switzerland, ṣe àtúnṣe ilé náà láàárín 1847 sí 1849, irin ni wọ́n fi di ẹsẹ̀ dóòmù náà lámùrè. Tó o bá ti fi irin yẹn sílẹ̀ nínú mọ́dẹ́ẹ̀lì rẹ, ilé tó wà ṣáájú àwọn Fossati lò ń ṣírò, kì í ṣe èyí tó dúró síbẹ̀ lónìí.

Bíríkìlà_Ẹ̀gbá

Ẹ má bínú o, mi ò mọ Grasshopper, mi ò mọ léésà. Bíríkìlà ni mí ní Abẹ́òkúta, ọmọ mi ló gbé ọ̀rọ̀ yìí wá fún mi kà, ó sì dùn mọ́ mi.

Kò sẹ́ni tó tíì sọ̀rọ̀ mọ́tà. Báwo ni mọ́tà àárín bíríkì wọn ṣe nípọn tó? Ọdún márùn-ún fún ilé tó ga tó mítà 55, eré ni wọ́n fi iṣẹ́ yẹn sá. Bí mọ́tà bá nípọn, tí kò tíì gbẹ, tá a tún di ẹrù mìíràn lé e, ògiri á jókòó. Kò ní jókòó dọ́gba sì ni. Ìhà tí oòrùn ń pa á gbẹ yàtọ̀ sí ìhà òjìji. Ọmọ iṣẹ́ mi tó bá fi mọ́tà nípọn bíi bíríkì fúnra rẹ̀, màá ní kó tú u lójú mi.

Ohun tí mo fẹ́ kí ọmọbìnrin yìí gbọ́ ni pé ó ṣeé ṣe kí ẹni tó mọ ọ́n ti mọ ọ́n dáadáa, kó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ló wọ́. Kó má kọ ọ́ pé wọn ò mọ iṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n_Oníléésà

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin lẹ kàn án lórí. Mọ́tà wọn nípọn bíi bíríkì lóòótọ́, ibòmíràn wà tó nípọn jù ú lọ. Láìmù ni wọ́n pò mọ́ bíríkì gígún, ó sì máa ń pẹ́ kó tó le tán. Nítorí náà, ìdá ńlá nínú ògiri yẹn jẹ́ mọ́tà, ó sì ń rọra rìn kí ó tó le. Àwọn tó yẹ ilé náà wò gbà pé ìdí kan pàtàkì tí àwọn òpó fi fì nìyẹn.

Àbẹ̀ní, kọ ọ̀rọ̀ Bàbá sínú iṣẹ́ rẹ. Wíwọ́ ìgbà tí ògiri ṣì tutù, wíwọ́ ìmìtìtì ilẹ̀, àti wíwọ́ àtúnṣe, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Àbẹ̀ní_Ayàwòrán

Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀gbọ́n. Bàbá, ẹ ṣeun sà, mi ò jẹ́ kọ ọ́ pé wọn ò mọ iṣẹ́ láé. Kúnlé, mo ti wo ìsopọ̀ scan náà, ó mọ́.

Mo ti pín eegun mi sí ìhà mẹ́rin, ara sì ti ń tù mí díẹ̀. Ìbéèrè méjì ló kù. Àkọ́kọ́, níbo ni mo ti máa rí bí dóòmù náà ṣe nípọn tó? Ojú inú nìkan ni scan tí wọ́n fún wa ní. Èkejì, olùkọ́ wa fẹ́ kí n fi orí kan sọ̀rọ̀ nípa dóòmù tó wó ní 558. Kò sí scan ohun tí kò sí mọ́. Ṣé kí n fi àlá yà á ni?

Ẹ̀gbọ́n_Oníléésà

Àlá kọ́. Ibi tí parametric ti wúlò jù lọ lo dé yẹn, mo sì ń retí kó o béèrè.

Jẹ́ ká fi mítà 31 ṣe ìbú kó lè rọrùn, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 15.5. Ká ní dóòmù òní ga tó mítà 15 láti ẹsẹ̀ fèrèsé dé òkè. Àwọn akọ̀wé ìtàn àtijọ́ kan kọ ọ́ pé wọ́n fi ẹsẹ̀ bàtà 20 gbé dóòmù kejì ga ju ti àkọ́kọ́ lọ, ìyẹn bíi mítà 6.2 nínú ìwọ̀n tiwọn. Ti àkọ́kọ́ á wá ga tó nǹkan bíi mítà 8.8. Tó o bá fẹ́ mọ bọ́ọ̀lù tí wọ́n gé e lára rẹ̀, fi ìdajì ìbú ṣe ìlọ́po ara rẹ̀ (15.5 lọ́nà 15.5), fi gíga náà ṣe ìlọ́po ara rẹ̀ (8.8 lọ́nà 8.8), ro wọ́n pọ̀, kó o fi gíga lọ́nà méjì pín in. Wàá rí nǹkan bíi mítà 18 láti àárín bọ́ọ̀lù náà dé ara rẹ̀. Ti òní kò ju 15.5 lọ.

Àbá kejì wà. Àwọn kan rò pé dóòmù àkọ́kọ́ àti ògiri títẹ̀ tó kún igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nísàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ bọ́ọ̀lù kan náà tí kò já níbì kankan. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, bọ́ọ̀lù náà gbọ́dọ̀ kan igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí náà 15.5 á di bíi mítà 21.9, dóòmù fúnra rẹ̀ kò sì ní ga ju mítà 6.4 lọ. Ìyẹn tẹ́jú gan-an! Wo bó ṣe takò ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 20 yẹn: láti 6.4 dé 15, ó ju mítà mẹ́jọ lọ. Kọ òfin kan tó ní gíga gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà tó ṣeé yí, kó o gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Bí dóòmù bá ṣe tẹ́jú tó ni ó ṣe ń ti àwọn òpó síta tó, àwọn òpó náà sì ti ń fì tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá rí i bẹ́ẹ̀ á mọ ìdí tí Isidore kékeré fi gbé tirẹ̀ ga.

Ní ti bó ṣe nípọn, ojú tó kọ sí i nìkan ni léésà máa ń rí. Nínú Hagia Sophia, mósáíìkì, rẹ́ndà àti ọ̀dà ni ó ń rí, bíríkì wà lẹ́yìn wọn. Ẹnu fèrèsé lo ti lè rí bí ògiri ṣe nípọn ní tòótọ́. Fún ìyókù, lọ wo àwòrán tí Robert Van Nice, ayàwòrán ilé ará Amẹ́ríkà, fi ọ̀pọ̀ ọdún yà níbẹ̀ láti 1937. Dumbarton Oaks, ilé ìwádìí kan ní Washington, ló tẹ̀ ẹ́ jáde láàárín 1965 sí 1986. Teepu àti ẹ̀rọ ìwọ̀n àtijọ́ ló fi ṣe é, ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣiṣẹ́ lórí ilé yẹn ṣì ń padà síbẹ̀. Ní 2025 wọ́n bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe ńlá lórí dóòmù náà, nítorí náà kọ ọjọ́ tí wọ́n ya scan rẹ sí iwájú ohun gbogbo. Scan ti ọdún tó kọjá àti ti ọdún tó ń bọ̀ lè má jẹ́ dóòmù kan náà.

Nínú tábìlì rẹ, fi òpó kan (ìyẹn column) sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan tó máa sọ ibi tó ti wá: scan, ìwé, tàbí àbá. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀. Mi ò fẹ́ràn àwọn mọ́dẹ́ẹ̀lì dídán tí wọ́n fi ń gba ẹ̀bùn, tí gbogbo rẹ̀ funfun báláú, tí èèyàn ò lè mọ èyí tí wọ́n wọ̀n yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi ẹnu sọ. Ẹni tó ń bọ̀ wá fi irin sí ògiri kò ní béèrè bó ṣe dán.

Kúnlé_8GB

Mo fara mọ́ ẹ̀gbọ́n. Àbẹ̀ní, tábìlì yẹn, tọ́jú u bíi CSV lásán, ìyẹn fáìlì ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi kọ́mà pín, má fi pamọ́ sínú fáìlì Grasshopper nìkan. Fáìlì ẹ̀rọ kì í pẹ́ láyé. CSV, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama á ṣì rí i ṣí lẹ́yìn ogún ọdún.

Àbẹ̀ní_Ayàwòrán

Mo ti ń ṣe é. Ohun kan ló ń yọ mí lẹ́nu: níbi tí ìhà ìwọ̀-oòrùn ti pàdé àríwá, àtẹ̀gùn kékeré kan yọ. Eegun ẹ̀gbẹ́ méjì ò wọnú ara wọn. Grasshopper lè yọ́ ọ pọ̀. Ṣé kí n yọ́ ọ?

Ẹ̀gbọ́n_Oníléésà

Wò ó lára scan ná. Tí àtẹ̀gùn náà bá wà níbẹ̀, fi sílẹ̀, kó o sì wọn bó ṣe ga tó ní ibi mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ibi tí iṣẹ́ 562 ti pàdé iṣẹ́ Trdat ni. Tí kò bá sí lára scan, òfin rẹ ló bí i, ìgbà yẹn lo lè tún un ṣe.

Àbẹ̀ní_Ayàwòrán

Ó wà lára scan, ẹ̀gbọ́n. Màá wọ̀n ọ́n.

Kúnlé, báwo ni mo ṣe máa mú CSV náà wọ inú Grasshopper tí ìlà kọ̀ọ̀kan á fi bá eegun tirẹ̀ lọ? Gbogbo rẹ̀ ń ya wọlé bí ọ̀rọ̀ kan gbọọrọ.

Kúnlé_8GB

Read File, kó o ní kó kà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yìn ìyẹn, Text Split, fi kọ́mà pín in. Ìlà àkọ́kọ́ jẹ́ orúkọ àwọn òpó tábìlì, yọ ọ́ kúrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ eegun rẹ á di 41.